Ìtọ̀ Tó Ń Jò Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Próstéètì: Ibi Tí Agbára Iná Mọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn bàbá tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì máa ń sọ fún ara wọn, ní Jos bí i ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ti ṣí lọ sí Jos. Wọ́n ní bí ìtọ̀ bá ń jò lára ọkùnrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iṣan rẹ̀ kan ló kú, ẹ̀rọ tí ń fi iná ta iṣan jí nìkan ló sì lè wò ó sàn. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ ń wá owó kiri láti ra ẹ̀rọ fún bàbá wọn, ìpolówó bẹ́líìtì oníná sì ń tọ̀ wá wá lórí WhatsApp pẹ̀lú ìlérí pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti parí. Àṣìṣe inú ọ̀rọ̀ náà ju ẹyọ kan lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn bàbá yìí, iṣan kankan kò kú. Iná kì í jí iṣan tó ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe irú jíjò kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn. Mo fẹ́ tú u palẹ̀, torí pé owó àwọn aláìlówó ń ṣòfò lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ara rẹ̀ ìbá ti yá sì jókòó sílé, ó ń dúró de ẹ̀rọ.

Jos kọ́ ló yẹ kí irú àṣìṣe yìí ti fìdí múlẹ̀, torí pé ìtọ̀ tó ń jò kì í ṣe ohun tuntun níbẹ̀. Ilé ìwòsàn Evangel tí àwọn míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀ ní 1959, tí ará ìlú mọ̀ sí Jankwano, tó sì ti di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Bingham báyìí, ní ibùdó ńlá fún àwọn obìnrin tí ìrọbí tó pẹ́ jù ti dá ihò sí àárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí Steven Arrowsmith, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà níbẹ̀, àwọn obìnrin ti ń ti ọ̀nà jíjìn ní àríwá wá síbẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Jos mọ̀ wọ́n, ó mọ ìtìjú tí wọ́n gbé wá àti ayọ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn gbé lọ.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé. Àwọn ọkùnrin kan rò pé àìsàn obìnrin ló mú àwọn, nítorí náà wọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn rò pé dókítà ti dá ihò sí wọn lára. Ihò ni ti àwọn obìnrin yẹn lóòótọ́, ihò tó bá sì ti pẹ́, kò sí ìdárayá tàbí iná tó lè dí i. Abẹ́rẹ́ àti òwú dókítà ni. Ti ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì kì í sábà jẹ́ ihò. Ọ̀nà ìtọ̀ ni kò pa dé tán, tàbí kí àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀ máa fún pọ̀ nígbà tí kò yẹ. Ìtọ́jú wọn yàtọ̀ pátápátá.

Ká lè mọ ohun tí iná lè ṣe, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí dókítà ti gé. Próstéètì jókòó sí ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì la àárín rẹ̀ kọjá. Ìdènà méjì ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Ọ̀kan wà ní ọrùn àpò ìtọ̀, lókè próstéètì. A kì í pàṣẹ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló mọ ìgbà tí yóò pa dé àti ìgbà tí yóò ṣí. Èkejì wà nísàlẹ̀ próstéètì. Òun la máa ń fún mọ́ra nígbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wá tí a kò sì tíì dé ilé. Iṣẹ́ abẹ próstéètì kì í sábà fi ìdènà òkè sílẹ̀ bó ṣe wà. Láti ọjọ́ náà lọ, ìdènà ìsàlẹ̀ ni yóò máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ó lè ti tó ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún tí ẹnikẹ́ni kò béèrè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Pé ó kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó kú.

Iṣẹ́ abẹ próstéètì pẹ̀lú kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni ti próstéètì tó kàn wú, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà yóò la ìsàlẹ̀ ikùn, yóò sì fi ìka họ ohun tó wú jáde nínú próstéètì, bí ẹni tó yọ inú ọsàn tó fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Peter Freyer, ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní London, ló sọ ọ̀nà tí ń gba inú àpò ìtọ̀ yìí di olókìkí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọmọ Ireland mìíràn, Terence Millin, gbé èyí tí kò gba inú àpò ìtọ̀ kọjá jáde ní 1945. Níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà, wọ́n tún lè gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé, kí wọ́n fá a díẹ̀díẹ̀ láì la ikùn rárá. Nínú gbogbo èyí, èèpo próstéètì ṣì wà ní ipò rẹ̀, ìdènà ìsàlẹ̀ sì sábà máa ń yè é.

Ti jẹjẹrẹ yàtọ̀. Hugh Hampton Young ṣe é ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní 1904, ní 1982 ni Patrick Walsh, ní ilé ìwòsàn yẹn kan náà, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́nà tí kò ní gé àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀, gbogbo próstéètì ni wọ́n ń yọ kúrò, wọ́n á wá fa àpò ìtọ̀ wálẹ̀ láti rán an mọ́ ọ̀nà ìtọ̀, pẹ́kípẹ́kí sí ìdènà ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ fi ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ju ti próstéètì wíwú lọ fíìfíì. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ yìí kò wọ́pọ̀, torí pé ìgbà tí jẹjẹrẹ náà bá ti ràn kọjá próstéètì ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa tó ń dé ilé ìwòsàn.

Mo tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí nítorí ohun kan tí àwọn tí ń polówó ẹ̀rọ kì í sọ. Ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó gbogbo ìwádìí lórí ìtọ́jú kan jọ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, gbé àbọ̀ jáde ní 2023 lórí ìtọ́jú tí kò ní iṣẹ́ abẹ nínú fún ìtọ̀ tó ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ próstéètì. Ìwádìí 25 ni wọ́n rí, àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ sì lé ní 3,000. Mẹ́tàlélógún nínú ìwádìí náà jẹ́ ti àwọn tí wọ́n yọ gbogbo próstéètì wọn nítorí jẹjẹrẹ. Ẹ̀rí tí àwọn apolówó ń gbé kiri kì í ṣe ti irú iṣẹ́ abẹ tí ọ̀pọ̀ bàbá ní Jos ṣe. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ṣe ọkùnrin ará London tí wọ́n yọ próstéètì rẹ̀ tán ní àǹfààní, ìyẹn kò fi hàn pé yóò ṣe bàbá tí wọ́n họ inú próstéètì tirẹ̀ ní àǹfààní kan náà, nítorí ohun tó ń fa jíjò náà lè máà jọra.

Irú jíjò mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ilé tí bàbá kan wà mọ̀ wọ́n. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń jáde nígbà tí ara bá ṣe ipá: ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ìtọ̀ kán. Ìdènà ìsàlẹ̀ ló rọ̀. Èkejì ni ti ìtọ̀ tó ń gbọ̀n wá lójijì, tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn dé ilé ìtọ̀. Àpò ìtọ̀ ló ń fún pọ̀ láìgba àṣẹ. Ó ti bá próstéètì tó dí ọ̀nà jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì tíì mọ̀ pé ìjà ti parí. Èyí wọ́pọ̀ gan-an lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ próstéètì wíwú, ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀kẹta ni mo ń bẹ̀rù jù. Ọ̀nà ìtọ̀ lè há lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nítorí àpá tó hù níbẹ̀. Àpò ìtọ̀ á kún, kò ní lè tú dànù, ohun tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni yóò máa kán tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ń wo aṣọ nìkan á ní ìtọ̀ ń jò. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìtọ̀ kò rí ọ̀nà jáde, àti pé ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá so bẹ́líìtì oníná mọ́dìí fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta ló fi kíndìnrín rẹ̀ wewu. Ẹ̀rọ àwòrán tí wọ́n fi ń wo aboyún yóò fi hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá ìtọ̀ ṣì kù sínú lẹ́yìn tí ènìyàn ti tọ̀ tán. Ayẹ̀wò yẹn kò wọ́n tó ẹ̀rọ oníná, òun ló sì yẹ kó ṣíwájú.

Ní ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ní 1963, Caldwell, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ sínú ìwé ìròyìn The Lancet nípa bí iná kékeré ṣe lè ṣàkóso iṣan tó ti rọ̀ tí kò lè pa dé mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣẹ́ físíò ti ń lo oríṣiríṣi ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà lóde báyìí kéré, bátìrì ló sì ń gbé wọn. Kì í ṣe iná ilé-iṣẹ́ mànàmáná NESCO tó ń ti Kurra Falls wá ló ń wọ ara ènìyàn, kì í sì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ JED, nítorí náà ẹni tó ń bẹ̀rù pé iná yóò gbé òun kò ní ìdí fún un. Wọ́n lè lẹ pátákó pẹlẹbẹ rẹ̀ mọ́ àárín kórópọ̀n àti ihò ìdí, tàbí kí wọ́n ki èyí tó dà bí ìka wọ ihò ìdí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Iná náà yóò máa wá, yóò máa lọ, iṣan abẹ́ ìdí yóò sì máa fún pọ̀ bó bá ti dé.

Ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iṣan náà tààrà. Iṣan ìmọ̀lára tó wà láàyè, èyí tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹran ara, ló ń gba iná yẹn tó sì ń mú un dé ibi tó ń lọ. Bí iṣan ìmọ̀lára bá ti gé, iná kò rí ẹni rán níṣẹ́. Bí ìdènà ìsàlẹ̀ bá ti ya tàbí tó ti di àpá, iná kò lè rán an. Ibi tí ọ̀rọ̀ pé “iná ń jí iṣan tó kú” ti wó lulẹ̀ nìyí: iṣan tí iná lè fún pọ̀ ni iṣan tó ṣì wà láàyè, iṣan tó sì wà láàyè, olúwa rẹ̀ lè kọ́ láti fún un pọ̀ láìlo iná.

Ṣé ó wá yẹ kí a fi iná kún ìdárayá? Ìwádìí tó dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa jù lójú mi ni èyí tí Patricia Goode àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde nínú JAMA ní 2011, láti Alabama àti Georgia ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin 208 ni, tí ìtọ̀ wọn ti ń jò láti ọdún kan títí dé ọdún 17 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ. Kì í ṣe àwọn tí ara wọn ìbá kàn yá fúnra rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan kọ́ ìdárayá abẹ́ ìdí àti bí a ṣe ń ṣàkóso ìtọ̀. Àwọn kan kọ́ ọ, wọ́n sì fi ẹ̀rọ iná àti ẹ̀rọ tí ń fi agbára iṣan han ènìyàn kún un. Àwọn yòókù dúró ná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn tó ṣe ìdárayá nìkan bọ́ láti ìgbà 28 tí ìtọ̀ ń jò lọ́sẹ̀ sí ìgbà 13. Àwọn tó fi ẹ̀rọ kún un bọ́ láti 26 sí 12. Àwọn tó dúró bọ́ láti 25 sí 21. Ẹ fi àkọ́kọ́ wé èkejì: gbogbo ẹ̀rọ yẹn kò fi nǹkan kan tó ṣe é rí kún un.

Cochrane ti kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ iná yìí nìkan wò ní 2013. Ìwádìí mẹ́fà ni wọ́n rí, ọkùnrin 544. Wọ́n rí i pé iná lè mú kí jíjò dín kù fún ìgbà díẹ̀ ju kí a má ṣe nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n bó bá fi di ọdún kan, ìyàtọ̀ náà ti pòórá. Àwọn tó lo iná sì ròyìn ìrora àti ara tí kò lélẹ̀ ju àwọn tí kò lò ó. Èyí ni ìdájọ́ tó tọ́ sí ẹ̀rọ náà: ó lè mú ọjọ́ ìwòsàn súnmọ́ díẹ̀ fún àwọn kan, kò sọ ẹni tí kì bá sàn di ẹni tó sàn.

Ó yẹ kí n sọ apá kejì pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo fẹ́ gbé ìdárayá sórí ìtẹ́ tí mo ti gbé iná kúrò. Ní Britain, Cathryn Glazener àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọkùnrin tí ìtọ̀ wọn ṣì ń jò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jọ, 411 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ, 442 lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fá próstéètì. Wọ́n pe àwọn kan sọ́dọ̀ olùkọ́ kí ó kọ́ wọn ní ìdárayá ní ojúkojú; àwọn yòókù gba ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Nígbà tí ó pé ọdún kan, ìtọ̀ ṣì ń jò, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀, lára ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ, àti lára ìdá 77 àwọn tí wọn kò kọ́. Lẹ́yìn fífá próstéètì, ó jẹ́ 65 àti 62. Kò sí ìyàtọ̀. The Lancet ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011 kan náà.

Báwo la ṣe máa so ìwádìí méjèèjì pọ̀? Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, púpọ̀ nínú àwọn tí wọn kò pè sọ́dọ̀ olùkọ́ ló sì ń ṣe ìdárayá náà nílé. Àwọn tí tiwọn ti pẹ́, tí ara kò ṣe é mọ́ fúnra rẹ̀, ni ìdárayá tí a kọ́ dáadáa hàn lára wọn jù. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2019, sọ pé kí a fi ìdárayá abẹ́ ìdí lọ ọkùnrin kété lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí a sì sọ fún un pé ìtọ̀ yóò jò ní ìbẹ̀rẹ̀, pé yóò máa dín kù títí di bí oṣù méjìlá. Àìsọ gbólóhùn kejì yìí fún aláìsàn ló ń mú ọ̀pọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ẹni tí a kò sọ fún pé ìtọ̀ yóò jò fún ìgbà díẹ̀ yóò gbà pé wọ́n ti bà á jẹ́.

Ní Jos, òtútù tún ń dá kún un. Ìlú náà ga tó 1,200 mítà sí ojú òkun, ẹni tó bá sì ti wà níbẹ̀ nígbà ọyẹ́, ní Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kínní, mọ bí òwúrọ̀ ibẹ̀ ṣe ń rí. Òtútù máa ń mú kí kíndìnrín tú ìtọ̀ sílẹ̀ púpọ̀. Bàbá tó ṣe iṣẹ́ abẹ ní Oṣù Kẹwàá, tó ti ń gbádùn, lè rí i pé ìtọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní ọyẹ́, pàápàá bó bá ń mu tíì gbígbóná lọ́dọ̀ màì-ṣáyì láàárọ̀ àti lálẹ́, torí tíì pẹ̀lú máa ń ta àpò ìtọ̀ jí. Kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ ti bàjẹ́. Kí ó dín tíì kù, kí ó wọ aṣọ tó nípọn. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sá fún omi, torí ìtọ̀ tó bá ki jù a máa bí àpò ìtọ̀ nínú.

Àwọn kan á ní ìdárayá yẹn ti obìnrin ni. Lóòótọ́, Arnold Kegel, dókítà àìsàn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1948 fún àwọn ìyá tó ti bímọ. Ṣùgbọ́n iṣan kan náà ló wà lábẹ́ ìdí ọkùnrin. Kí ọkùnrin jókòó tàbí kí ó dùbúlẹ̀, kí ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ dá ìsó dúró tó sì tún fẹ́ dá ìtọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ṣe é dáadáa, yóò rí i tí ìdí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ yóò fà wọlé díẹ̀, tí kórópọ̀n yóò sì gbéra. Kí ó má fún ìdí lápapọ̀, kí ó má sì sé èémí. Kí ó dì í mú, díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lè ka dé mẹ́wàá, kí ó tú u sílẹ̀ fún ìwọ̀n kan náà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé kí ó fún un mọ́ra kí ó tó wúkọ́, kí ó tó dìde, kí ó tó gbé ẹrù. Kí ó má bẹ̀rẹ̀ nígbà tí rọ́bà ìtọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti yọ ọ́ ni.

Ta wá ni iná lè ràn lọ́wọ́? Ẹni tí kò mọ iṣan náà rárá, tí físíò ti gbìyànjú kí ó fún un pọ̀ tó jẹ́ pé ikùn tàbí ìdí ló ń fún. Iná lè fi ibẹ̀ hàn án ní ìgbà bíi mélòó kan, lẹ́yìn ìyẹn kí ó máa bá a lọ fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn tún ni ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ìtọ̀ tó ń gbọ̀n wá lójijì, ṣùgbọ́n irú iná mìíràn ni tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, tí iná kékeré ń gbà kọjá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, máa ń mú àpò ìtọ̀ rọlẹ̀ nínú àwọn kan, torí pé iṣan ìmọ̀lára ibẹ̀ àti ti àpò ìtọ̀ pàdé ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tó ta bẹ́líìtì fún ẹni tó wúkọ́ tí ìtọ̀ kán, tó sì fi àṣeyọrí ti ọrùn ẹsẹ̀ yìí polówó ọjà rẹ̀, ti da ohun méjì pọ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ kan wà nínú àyà rẹ̀ tí ń ṣètò lílù ọkàn kò gbọ́dọ̀ lo iná láìjẹ́ pé dókítà ọkàn rẹ̀ mọ̀ sí i. Ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí egbò wà ní ìdí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ki nǹkan kan wọbẹ̀.

Àwọn kan sì wà tí ìdènà ìsàlẹ̀ wọn ti bàjẹ́ gidi, tí ìtọ̀ ń ṣàn láti òwúrọ̀ dé alẹ́ tí páńpáàsì kò sì gbà á mọ́. Fún wọn, ìdárayá kò tó, iná kò sì tó. Iṣẹ́ abẹ mìíràn ló kù. Láti 1972 tí Brantley Scott ti kọ́kọ́ fi ìdènà àtọwọ́dá sí ara ènìyàn ní Houston, ohun náà ti dára sí i; òrùka rọ́bà tó kún fún omi ni, tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, tí ọkùnrin ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nínú àpò kórópọ̀n nígbà tó bá fẹ́ tọ̀. Ó wọ́n, kò sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti pé oṣù mẹ́fà tí jíjò rẹ̀ kò dín kù rárá ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ pé ó wà, dípò kí a máa ta bátìrì fún un.

Ìtìjú ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn mọ́ ilé, kì í ṣe ìtọ̀. Bàbá tó jẹ́ díákónì á ní òun kò lè jókòó níwájú mọ́. Mùsùlùmí á ní òun kò lè dé mọ́sálásí, torí pé àlùwàlá òun kò dúró. Òfin ẹ̀sìn rẹ̀ ti pèsè fún un: kí ó ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun bá ti wọlé, kí ó fi aṣọ gbà á, kí ó kí ìrun rẹ̀, bó tilẹ̀ ń kán. Ó kàn yẹ kí àlùfáà sọ ọ́ jáde lórí mínbárì ni, torí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò ní béèrè.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú bàbá ní Jos, ní Bukuru tàbí níbikíbi, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí ń ta ẹ̀rọ, ẹ mú bàbá padà sọ́dọ̀ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, tàbí kí ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ̀ ní JUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Jos, ní Lámíńgò. Ẹ ní kí wọ́n wò ó bóyá ìtọ̀ ń kù sínú lẹ́yìn tó bá tọ̀ tán, kí wọ́n sọ irú jíjò tó jẹ́ fún yín, kí wọ́n sì fi yín lé físíò tó mọ iṣan abẹ́ ìdí lọ́wọ́. Bí físíò náà bá wá sọ pé iná yóò ràn án lọ́wọ́, ẹ gbà á. Òun ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó ń tà á.